Mo gba 1.90 ní sẹmẹ́sítà àkọ́kọ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá níbẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin òbí wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mí níbí ní Àkúrẹ́. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́, ọdún márùn-ún ló sì máa gbà. Èsì sẹmẹ́sítà àkọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ Ẹtì, 1.90 ni mo gba nínú 5.00. Nílé ẹ̀kọ́ girama, ipò kìíní tàbí ìkejì ni mo máa ń ṣe, mi ò fìdí rẹmi rí. Ìṣirò, F. Físíìsì, D.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo kàwé. Mi ò rin ìrìnkurìn. Aago méjì òru ni mo máa ń jí, màá kà títí ilẹ̀ á fi mọ́, màá sì fi pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ yẹ́lò fa ìlà sí ibi tó bá ṣe pàtàkì, tí gbogbo ojú ewé á fi di yẹ́lò. Tí mo bá wá dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ojú ewé tí ọ̀rọ̀ náà wà á máa hàn sí mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mi ò ní rí.

Ọjà Ọba ni ìyá mi ti ń ta aṣọ. Mi ò tíì sọ fún wọn. Tí wọ́n bá pè mí, "Ẹnjiníà mi" ni wọ́n fi ń kí mi, ọ̀rọ̀ á wá há mi lọ́fun. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í?

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Èmi náà kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbí, ohun tí mo sì fi bẹ̀rẹ̀ kò tó tìẹ. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀, kó o lè mọ ibi tó o wà gan-an.

Ká sọ pé yúníìtì 20 lò ń ṣe ní sẹmẹ́sítà kọ̀ọ̀kan (yúníìtì ni ìwọ̀n bí kọ́ọ̀sì kan ṣe wúwo tó). A jẹ́ póíǹtì 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, E jẹ́ 1, F jẹ́ òfo. Wọ́n á fi póíǹtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sọ yúníìtì rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá fi àpapọ̀ yúníìtì pín in. 1.90 tìẹ yẹn, póíǹtì 38 ni, nínú 100 tó o lè ní. Tó o bá gba 4.00 ní sẹmẹ́sítà tó ń bọ̀, póíǹtì 80 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ di 118 lórí yúníìtì 40, ìyẹn 2.95. Tún gba 4.00 lẹ́ẹ̀kan sí i, o ti di 3.30. Tó o bá parí ọdún kejì bẹ́ẹ̀, ó ku díẹ̀ kó o kan 3.50. Ní sẹmẹ́sítà kìíní ọdún kẹta, o ti wà ní 3.58. Láti 3.50 sókè sì ni Second Class Upper, ìpele oyè tó tẹ̀ lé First Class, ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kò tíì dí.

Wàyí o, ká ní o jókòó sí 1.90 yìí fún ọdún méjì gbáko. Póíǹtì 152 lórí yúníìtì 80 nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin, tí yúníìtì 80 ṣẹ́kù fún, bó gba A nínú gbogbo wọn láìku ọ̀kan, 3.45 ló máa bá jáde. Ìwọ tìẹ gùn sí i, àmọ́ wàá nílò nǹkan bíi 4.57 ní gbogbo yúníìtì 120 tó kù kó o tó kan 3.50. Ṣé o rí ìdí tí ara mi ò fi ń gbà á tí mo bá gbọ́ tí àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ fún àwọn ọmọ tuntun pé kí wọ́n "jayé ọdún kìíní ná"? Ọdún kìíní ni kọ́ọ̀sì rọrùn jù. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà, mo sì gbọ́ tiwọn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tún un ṣe.

Ti F yẹn, fi orúkọ sílẹ̀ fún un nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tún gbé e jáde, má ṣe sún un síwájú. Ìṣirò ọdún kejì dúró lórí ti ọdún kìíní. Ẹni tó bá ń kó kariófà jọ, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi nínú ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, ìdánwò méjì lè bọ́ sí wákàtí kan náà fún un lọ́jọ́ kan.

Olùkọ́ ní Oǹdó

Ọmọ mi, gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ ló dá mi dúró: ojú ewé ń hàn sí ọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni o ò rí. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì, mo sì ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ tó jókòó síwájú mi pẹ̀lú omijé. O kàwé lóòótọ́. O kò bi ara rẹ léèrè ni.

Bí èèyàn bá ka ojú ewé kan lákàtúnkà, ojú á mọ̀ ọ́n, ọkàn á sì gbà pé òun náà ti mọ̀ ọ́n. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán an wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí bìrí: àwọn tó pa ìwé dé rántí 61 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà rántí 40. Ohun tó ń tàn ọ́ ní aago márùn-ún ìdájí nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú tó o pa ìwé dé, ó ṣì wà lórí rẹ lóòótọ́. Kí ọjọ́ ìdánwò tó dé, ó ti lọ.

Àwọn tó ń kọ́ni lọ́rọ̀ ẹnu nílẹ̀ wa mọ èyí tipẹ́. Ọmọ awo tó ń kọ́ ẹsẹ Ifá, ọ̀gá rẹ̀ á sọ, òun náà á tún un sọ. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó fún un ní tuntun, á kọ́kọ́ ké ti àná. Ọmọ ilé kéú náà gbọ́dọ̀ ka wàláà rẹ̀ fún Àfáà kí wọ́n tó ní kó fọ̀ ọ́ kúrò. Ta ló kọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ nípa fífi pẹ́ẹ̀nì yẹ́lò fa ìlà sí i?

Nítorí náà, tó o bá ti kúrò ní kíláàsì, lọ́jọ́ náà gan-an, mú tákàdá òfìfo kan. Má ṣí ìwé. Kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ tó o bá rántí, bó tiẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kó o ṣí ìwé, kó o wo ohun tó sá fún ọ. Ohun tó sá fún ọ yẹn ni iṣẹ́ rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, má wulẹ̀ padà ka èyí tó o ti mọ̀. Tún bi ara rẹ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì kan tó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1885 pé ohun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ a máa jò lọ kíákíá, àti pé kéèyàn pín ìkẹ́kọ̀ọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju kó kó o pọ̀ sójú kan lọ.

Ní ti ìṣirò, kò ṣeé kà bí ìtàn. Bo ìdáhùn tó wà nínú ìwé mọ́lẹ̀, kó o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é dópin. Tó o bá há sójú kan, wo ìlà kan ṣoṣo, tún bò ó, máa bá a lọ.

Nọ́ọ̀sì Lọ́la

Ẹ ṣé gan-an mà, tàbí sà, ẹ dárí jì mí. Oǹdó ni èmi náà wà, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́. Ohun tó yọ mí nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀yà ara ni ẹni tá a jọ ń gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ni, ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kọ́, kò mọ nǹkan kan nípa egungun. Lálaalẹ́ ni mo ń ṣàlàyé fún un bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ inú ọkàn tó sì ń jáde, a ó jọ máa se ọbẹ̀. Tó bá ti béèrè pé "kí ló dé?", tí mi ò lè dá a lóhùn, mo ti mọ ibi tí màá padà sí. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èmi kọ́ ogun Èkìtì Parapọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ ìkàwé o. Tiwa tó èèyàn 9. Ẹnì kan lá ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á máa mi orí. Èmi náà mirí títí, mo sì jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé mo ti gbọ́ ọ yé. Méjì tàbí mẹ́ta ti tó, kẹ́ ẹ sì máa gba iwájú bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ara yín.

Adérìn-ún

Àbúrò, ẹ má gbàgbé wíwá sí kíláàsì. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin wí kéèyàn tó lè jókòó ṣe ìdánwò. Máàkì ìdánwò kékeré sì wà níbẹ̀, ẹni tó bá sọ ọ́ nù ti dín ọwọ́ ara rẹ̀ kù kó tó wọ gbọ̀ngàn.

Màmá Onílé

Ẹ kú àsìkò o, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò kàwé dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé inú ilé mi ní Àúlé, mo sì ti rí àwọn tó jáde dáadáa àti àwọn tó sá lọ lóru láì dágbére. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Àwọn tó ń jáde dáadáa, n kì í sábà rí iná yàrá wọn lóru. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe tiwọn. Wọ́n á lo àyè tó wà láàárín kíláàsì méjì, wọn ò ní padà wálé wá sùn kí wọ́n tó tún wọ kẹ̀kẹ́ padà. Àwọn tó ń fi gbogbo òru kàwé, èmi ni mo ń kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀ ìdánwò. Ọmọ kan wà tó sùn kọjá àkókò ìdánwò, tó jí ní aago mọ́kànlá. Ẹkún tí ọmọ yẹn sun lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Iná tiẹ̀ tún ń ṣe ségesège. Ẹni tó gbọ́kàn lé òru, tí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́? Oorun òru kì í ṣe ọ̀lẹ, ọmọ mi. Orí tí kò sùn, omi inú agbè tó ní ihò ni.

Ẹ jẹun. Gàrí nìkan láti Ajé dé Ẹtì kò lè gbé ìṣirò. Tówó kò bá tó, ẹ da owó pọ̀, kẹ́ ẹ jọ máa se ẹ̀wà.

Èyí tó kù wà láàárín èmi àti ìwọ ọmọ ìyá aláṣọ. Sọ fún ìyá rẹ. Èmi náà ní ọmọ tó fi èsì pa mọ́ fún mi, ọdún méjì, mo sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ lọ. Èsì yẹn kò dùn mí tó bí mo ṣe rántí gbogbo ìgbà tí mo ń gbàdúrà lórí rẹ̀, tí òun sì ń ṣe àmín, tó mọ̀ pé n kò mọ̀. Ìyá tó ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo. Má pè é lórí fóònù. Lọ bá a nílé, lẹ́yìn tó bá ti jẹun tán.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín lọ, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé, mà. Olùkọ́, mo dán ti tákàdá òfìfo wò lónìí lẹ́yìn kíláàsì kẹ́mísírì. Ìlà mẹ́rin péré ni mo rí kọ. Ó yà mí lẹ́nu gan-an, torí mo rò pé mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́, àwọn kan ń ta ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ pẹ̀lú ìdáhùn lẹ́nu géètì, wọ́n ní tí mo bá ti há a sórí, ó tán. Ìkejì, ẹnì kan ní kí n yí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mi padà, pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe tèmi.

Olùkọ́ ní Oǹdó

Ìlà mẹ́rin dára. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á di mẹ́jọ.

Ìbéèrè àtijọ́ wúlò gan-an tó o bá jókòó tì í bí ẹni wà ní gbọ̀ngàn, láì wo ìdáhùn, pẹ̀lú aago níwájú rẹ. Ìdáhùn tí wọ́n ń tà yẹn ni kó o fi sílẹ̀. Mo ti máàkì ìwé tí ọmọ 30 ti da àṣìṣe kan náà kọ, níbi kan náà, torí inú tákàdá kan náà ni wọ́n ti há a. Tí olùkọ́ bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà, ilé wó nìyẹn. Ẹ sì máa fi iṣẹ́ hàn lórí ìwé ìdánwò. Bí ìdáhùn ìkẹyìn kò bá tọ̀nà, àmọ́ tí mo rí i pé o mọ ọ̀nà tó gbà, mo lè fún ọ ní máàkì. Ìdáhùn tó já wálẹ̀ láti ọ̀run, mi ò mọ ohun tí màá ṣe sí i.

Ẹ máa wá bá wa. Mo máa ń jókòó ní ọ́fíìsì láwọn wákàtí tí mo kọ sára ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kì í wá. Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò bá ku ọ̀la ni ìlà máa ń gùn. Tó o bá fẹ́ wá, má wá wí pé "Kò yé mi, sà." Mú ibi tó o ṣe é dé wá, kó o fi ìka tọ́ ìlà tó o há sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún irú èyí, inú mi sì máa ń dùn fún ìyókù ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀

Ti yíyí ẹ̀ka padà, má fi èsì sẹmẹ́sítà kan pinnu ẹ̀. Bi ara rẹ bóyá iṣẹ́ náà ló sú ọ ni àbí ọ̀nà tó o fi ń kà á. Èyí tó o sọ fún wa, ọ̀nà ìkàwé ni. Tó o bá tún ọ̀nà ṣe títí dé òpin ọdún, tí ọkàn rẹ ò sì sí níbẹ̀ síbẹ̀, nígbà náà, lọ bá olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ rẹ.

Èmi àti Nọ́ọ̀sì Lọ́la kò fẹnu kò lórí ẹgbẹ́ ìkàwé. Àwa márùn-ún la wà nínú tiwa, gbogbo wa la sì jáde dáadáa. Àmọ́ òfin kan wà: ẹni tí kò bá tíì dá ìbéèrè náà ṣe lọ́tọ̀ kó tó dé, kò gbọ́dọ̀ jókòó.

Gbọ́yè Lẹ́yìn Ìyanṣẹ́lódì

Mo wà ní ọdún kẹta nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ. Mo fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sùn, ó ṣì ń dùn mí. Ìgbà tó yá ni mo lọ bá àbúrò bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà rẹ̀. Mo lo ọwọ́ mi, mo mọ bí irin ṣe ń gbà á, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ohun tí olùkọ́ ń kọ sójú bọ́ọ̀dù nípa agbára irin, ojú mi ti rí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín lórí SIWES, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́. Láti 1973 ni ìjọba ti gbé ètò yìí kalẹ̀ lábẹ́ ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, kí ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ lè fojú rí iṣẹ́ kó tó jáde, oṣù mẹ́fà ló sì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wá ibi tí wọ́n á kàn máa bá wọn fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n padà sílé. Lẹ́yìn ìgbà tá a jáde, nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé kí ni wọ́n ṣe lóṣù mẹ́fà, ìwé àkọsílẹ̀ kò lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà kiri kí àsìkò ẹ̀ tó dé.

Tówó bá jẹ́ ìdíwọ́, ẹ wo NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n bu ọwọ́ lu òfin ẹ̀. Kò ní èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún tààrà, owó ìtọ́jú oṣooṣù tó jẹ́ ₦20,000 sì wà fún ẹni tó bá béèrè. Ẹ máa rántí pé gbèsè ni o, lẹ́yìn ọdún méjì téèyàn bá ti sin ìlú tán ni sísan án ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé orúkọ yín bára mu lórí NIN, BVN àti ti JAMB kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ló dá tèmi dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Ẹ kú ọ̀sán. Mo lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé. Mo jẹ́ kí wọ́n jẹun tán gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe wí. Mo sọ ọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní kí n ṣàlàyé ohun tí 1.90 túmọ̀ sí. Mo mú tákàdá, mo ya ìṣirò tí Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀ ṣe fún wọn: 1.90, 2.95, 3.30, títí dé 3.58. Ìyá mi ń ṣírò ọjà lórí láti ọdún tí wọn ò tíì bí mi, kíá ló yé wọn. Wọ́n ní, "Nígbà náà, èyí tó ń bọ̀ yìí ló wúwo jù." Wọ́n ká tákàdá náà sínú pọ́ọ̀sì wọn.

Mo ti dẹ́kun jíjí aago méjì. Láàárín aago méjìlá sí méjì ọ̀sán, tí kò sí kíláàsì, ilé-ìkàwé ni mo máa ń wà báyìí. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ti ṣe dé ibi tí mo há sí nínú ìṣirò. Mo ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìlà tí mo há sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú ni olùkọ́ wa kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀.

Olùkọ́ ní Oǹdó

Dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Mú tákàdá òfìfo dání pẹ̀lú, kó o lè tún un ṣe níwájú rẹ̀ kó o tó jáde.